Ibi Tí Ojú Ríran Dé

Nọ́ńbà ni mo fi ń dá ojú ọ̀run.
Ní Sørvágur, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé tí wọ́n ti ń sá ẹja,
mo ń kọ nọ́ńbà, nọ́ńbà ń di àwọsánmà,
kí ọmọ tó ń kọ́ bí a ti ń wa ọkọ̀ òfurufú
lè jókòó sórí àga, kó gbàgbé pé àga ni.

Ilẹ̀ kò ṣòro. Òkúta Tindhólmur,
orí márùn-ún bí eyín ayùn,
ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbẹ́ ẹ tán.
Òkun gba ọ̀sẹ̀ kan.
Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín èmi àti òkúta ni ò ṣeé gbẹ́.
Kí lèèyàn fẹ́ fi gbẹ́ ohun tí kò sí níbì kan,
tó sì wà níbi gbogbo?

Mo kọ́kọ́ ta aṣọ funfun bo òkèèrè.
Mo pe bàbá mi wá: Tummas,
ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú hẹlikọ́pítà,
ó gbé lẹ́tà, ó gbé aboyún, ó gbé àgbò kan lẹ́ẹ̀kan tó yà sí i lẹ́sẹ̀.
Ó wò ó, ó fi imú rẹ́rìn-ín.
"Ògiri lo mọ síbẹ̀ yẹn.
Kùrukùru kì í ṣe ògiri. Jíjẹ ló ń jẹ nǹkan,
díẹ̀díẹ̀, láti etí."

Mo ká aṣọ náà kúrò.
Mo lọ kọ́ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń kọsẹ̀ lára ìrì,
bí òkè tó wà nítòsí ṣe ń dúdú bí ẹtù,
tí èyí tó tẹ̀lé e dà bí aṣọ tó bá aró nígbà tó ti ń ṣá,
tí ti ìkẹyìn fi ku àyìnrín,
omi tó kàn gbọ́ orúkọ aró lásán.

Ó tún wò ó. "O ti ń sún mọ́ ọn.
Níbo loòrùn wà? Bóo bá kọjú sí oòrùn,
kùrukùru a máa tàn, a máa gba gbogbo iwájú;
bóo bá kẹ̀yìn sí i, òkè á tún padà wá bá ọ."
N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.
N kò fò rí, àfi kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Báyìí la ṣe lo ìgbà òtútù.
Ó ń mu kọfí, ó ń ní, "Fi kún un,"
mo ń fi kún un.
"Ó ṣì mọ́ jù. Fi kún un."
Kìlómítà ogún di mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án di mẹ́rin.
Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ó lu tábìlì:
"Òun nìyẹn! Bó ṣe máa ń rí gẹ́lẹ́ nìyẹn,
àárọ̀ tó mọ́ kedere lọ́nà Mykines."

Kedere?
Tindhólmur ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rá.
Orí rẹ̀ kan ló kù, ó ń yọ́ bíi ṣúgà nínú wàrà.

Mo dìde, mo tan iná, mo wo ojú bàbá mi,
kì í ṣe bí ọmọ ti ń wo bàbá,
bí ẹni ń wo ojú ọjọ́ kó tó jáde nílé:
awọ fẹ́lẹ́ kan lórí ẹyinjú méjèèjì, funfun,
ó ń jẹ ẹ́ lọ láti etí.

Dókítà ní Tórshavn ní kò le, abẹ kékeré ni.
Bàbá ní ó di ìgbà tí wọ́n bá rẹ́ irun àgùntàn tán.
Mo tọ́jú fáìlì alẹ́ ọjọ́ yẹn sọ́tọ̀.
N kò fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ awakọ̀,
n kò sì pa á rẹ́.

Ọdún mẹ́fà ló ti fẹ̀yìn tì.
Dókítà ní awọ náà lè ti tó ọdún mẹ́wàá.
Mo máa ń ṣí fáìlì yẹn lóru, mo máa fò lọ sí Mykines
nínú ojú bàbá mi, nínú funfun yẹn,
mo máa rántí ọjọ́ tí mo ra tíkẹ́ẹ̀tì,
tí mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, tí mo na ọrùn,
tí mo ń pariwo bo ariwo ẹ́ńjìnnì pé,
"Bàbá, ojú ọjọ́ mà dára o!"
Tó sì ń mi orí.